Ẹ Bi Wá: Àpáàdì Inú Kànga

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń gbẹ́ kànga lẹ́yìnkùlé wa l'Óṣogbo níbí la bá kan àpáàdì rẹpẹtẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ búlúù kan. Bùrọ̀dá mi ní ká fọ̀ ọ́ ká tà á. Ṣé nǹkan gidi ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tà á jàre, ẹ má sì fọṣẹ kàn án. Ẹ wo ara àpáàdì yẹn dáadáa, tẹ́ẹ bá rí ojú kéékèèké tó tò tẹ̀léra bí ìgbà tí wọ́n yí ṣùkù àgbàdo lé e nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, a jẹ́ pé kò tíì pẹ́ ju bíi 500 ọdún lọ, torí Amẹ́ríkà làgbàdo ti wá, kò dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú 1492. Tó bá jẹ́ ojú okùn ńkọ́? Ìyẹn lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gan-an ló wù mí o! Ní Igbó Olókun n'Ífẹ̀, àwọn baba wa ti ń yọ́ gíláàsì fúnra wọn, tí wọ́n fi ń ṣe irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí òyìnbó tó dé, wọ́n ṣì ń hú ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú níbẹ̀.

Ẹ kọ bí ibi tẹ́ẹ ti rí i ṣe jìn tó sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kẹ́ẹ lọ fi han mùsíọ́mù ìjọba l'Óṣogbo, òfin ló ní kẹ́ẹ sọ fún wọn. Ẹ bá wa bẹ bùrọ̀dá.