Ṣé ìkànnì tí tẹlifísọ̀n ò mú ló ṣófo?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o ẹ̀gbọ́n. Ilé ìwé wa wà lẹ́yìn òkè ní Bùnú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ibẹ̀. Mo gbọ́ pé rédíò kan wà tó máa ń wá ìkànnì tẹlifísọ̀n tó ṣófo fúnra ẹ̀, kó fi gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì méjì péré ni tẹlifísọ̀n wa ń mú, ṣé kí n kàn lo àwọn tó kù?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o àbúrò. Jọ̀ọ́, má tíì lò wọ́n. Pé tẹlifísọ̀n yín ò mú un ò ní kó ṣófo, ó lè jẹ́ òkè yẹn ló dí i. Tó o bá gbé ántẹ́nà sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀, rédíò ẹ á tẹ́tí, kò ní gbọ́ nǹkan kan, á bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ará òdìkejì òkè ń wo ìròyìn lórí ìkànnì yẹn gan-an, o ti bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn, wọn ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Èyí ló máa ń dẹ́rù bà mí jù nínú iṣẹ́ yìí.

Rédíò tó kàn ń wọn agbára tó wà lórí ìkànnì yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n signal tó bá ti rẹ̀ á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó ń wá àmì tí signal tẹlifísọ̀n máa ń gbé dání ló dáa jù, bó tiẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀. Ìlànà IEEE 802.22 tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ṣe fún irú rédíò yìí, tó jáde ní 2011, ní kó gbọ́ tẹlifísọ̀n dígítà tó ti rẹ̀ dé -116 dBm (dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára signal), ariwo lásán inú rédíò tiẹ̀ ju ìyẹn lọ, tí onílé, ìyẹn tẹlifísọ̀n tó ni ìkànnì, bá sì dé, ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ló ní láti fi kó kúrò.

Torí òkè yín, ẹyọ rédíò kan ò tó láti tẹ́tí. Gbé ọ̀kan sórí òkè, ọ̀kan sí òdìkejì, tí ẹyọ kan ṣoṣo bá ti gbọ́ nǹkan, ẹ má lo ìkànnì yẹn. Kí rédíò yín sì tún máa béèrè lọ́wọ́ database tó mọ ìkànnì tí wọ́n ń lò ládùúgbò, Amẹ́ríkà gan-an ti sọ ní 2010 pé rédíò tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, títẹ́tí ò pọn dandan fún un mọ́. Àṣẹ NCC ńkọ́? Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó tan nǹkan kan.

Kọ́kọ́ gbé tẹlifísọ̀n kékeré kan gun òkè yẹn ná, kọ gbogbo ìkànnì tó bá mú sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi.