Tannáposó: ṣé òdòdó oṣó ni?

Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalé sí Bódìjà ló béèrè. Ó ní òdòdó elésè-àlùkò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ilé àwọn. Tọ́sàn-án bá pọ́n, á pa ara rẹ̀ dé. Tó bá dalẹ́, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Màmá lánlọ́ọ̀dù ní tannáposó ni wọ́n ń pè é. Ó wá ń bi mí bóyá òdòdó oṣó ni, kóun fà á tu.

Àbúrò, má fà á tu. Oṣó kọ́ ló ni ín. Oṣó lorúkọ náà ń lé.

Lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn, "ṣ" kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí "s". Iṣu wa, isu ni. Oṣó wa, osó ni. Ohun tí màmá pè yẹn ò ju "tan iná pa oṣó" lọ. Ibi tó ti rú ẹ lójú ni bí fáwẹ̀lì ṣe máa ń jẹ ara wọn: "pa oṣó" á di poṣó, "pe oṣó" náà á sì di poṣó. Ṣé ó ń pa á ni àbí ó ń pè é? Àwọn tí kì í gé e kúrú ń sọ pé tannápaoṣó, ẹjọ́ ti parí níbẹ̀.

Wo àfòpiná náà, kòkòrò tó máa ń fò yí fìtílà ká. Gígé kan náà ni wọ́n gé e: a-fò-pa-iná. Òwe sì ti bá wa fìdí "pa" yẹn múlẹ̀: àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Èyí tó wù mí jù ni pé àfòpiná gan-an ni oníbàárà òdòdó yìí. Àwọn ńláńlá tẹ́nu wọn gùn ló ń wá fa omi dídùn inú rẹ̀ lóru.

Iná wo wá ni òdòdó ń tàn? Ewéko tó bá yọ òdòdó, a máa ń ní ó tanná. Ẹni tó bá ka Àìsáyà orí 40 nínú Bíbélì Yorùbá á ti bá "ìtànná" pàdé níbẹ̀. Àmọ́ èyí ń tanná lásìkò tí àwa náà ń tan tiwa. Láti bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ti ń là, á sì wà bẹ́ẹ̀ di àárọ̀. Aago mẹ́rin yẹn náà ni Òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ. Fìtílà ni tiwa, mo sì fara mọ́ tiwa jù.

Ó lórúkọ kejì, tannápowó: tan iná pe owó. Lójú tèmi, orúkọ ọjà alẹ́ nìyẹn. Ìyá elẹ́kọ tó bá ti gbé fìtílà sórí àtẹ, owó ló ń pè. Àwọn oníṣègùn sì gbà pé iṣẹ́ ewé wà nínú orúkọ rẹ̀. Ewé gbégbé, bí àpẹẹrẹ, ni wọ́n ń rán pé kó gbé ire wá. Ẹni tó ń wá ààbò á pe tannáposó, ẹni tó ń wá ajé á pe tannápowó, igi kan náà ni wọ́n jọ ń já.

Àlejò sì ni o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tó gbóná ló ti wá. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, pè é ní Mirabilis jalapa ní 1753: ohun ìyanu ni ọ̀rọ̀ kìíní lédè Látìn, èkejì wá láti ara Xalapa, ìlú kan ní Mẹ́síkò. Ìyanu náà kò jìnnà, torí igi kan ṣoṣo lè yọ pupa, funfun àti àwọ̀ ìyeyè pọ̀.

Kóró rẹ̀ dúdú bí iyèré, ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Japan ti fi í kun ojú rí, kódà òun ni wọ́n fi sọ òdòdó náà lórúkọ lọ́hùn-ún. Àmọ́ má jẹ́ kí ọmọdé fi kóró yẹn sẹ́nu o, òun àti gbòǹgbò rẹ̀ ní májèlé, wọ́n sì máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru gan-an.