Káàdì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ta ni màá lọ bá?

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 31 ni mí. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ mi ń ṣe, orúkọ mi sì wà lábẹ́ adójútòfò ìlera rẹ̀. Oṣù márùn-ún rèé tí mo bí ọmọ wa kejì. Látìgbà náà, ọmọ á sùn, èmi ò ní lè sùn. Orí mi ń gbóná, ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo se iṣu, mo kó o sínú odó, mo jókòó tì í títí ó fi tutù. Mi ò lè gbé ọmọ odó. Nígbà míì, ó máa ń wù mí kí n sùn kí n má jí mọ́. Ìyá ọkọ mi ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé abísínwín ni. Mo lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lórí káàdì wa, ẹni tó ń gba káàdì ní àwọn kì í fi insurance wo irú èyí, ni mo bá padà sílé. Ọkọ mi ò mọ̀ pé mo lọ. Báwo ni mo ṣe lè rí dókítà ọpọlọ tí adójútòfò máa san owó rẹ̀, tí gbogbo Ọ̀yẹ́ ò sì ní gbọ́?
Ẹni tí oorun jìnnà sí, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Àbúrò mi, kú ewu ọmọ. Olúwa á wo ọmọ, á sì wo ìwọ náà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tí o rọra fi sáàárín lẹ́tà rẹ, pé ó ń wù ọ́ kí o sùn kí o má jí mọ́. Mo rí i, mi ò sì ní fò ó. Má ṣe dá gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn lálẹ́ òní. Wá ẹnì kan, ì báà ṣe ọkọ rẹ, ì báà ṣe ọmọ ìyá rẹ, kí o sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́. Bó bá wá di pé o ti ń ro ọ̀nà tí wàá gbà kú, tàbí o ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí ọkàn rẹ ń tì ọ́ láti ṣe ọmọ ní jàǹbá, ọ̀rọ̀ káàdì ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba pàjáwìrì, ì báà jẹ́ òru. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní FMC, kò jìnnà sí ọ, Ìfàkì lẹ máa gbà kọjá. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, ìtọ́jú ló ń ṣíwájú, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á pe àwọn adójútòfò.

Ní ti abísínwín, mi ò bínú sí ìyá ọkọ rẹ. Orúkọ tí àwọn bàbá wa fún àìsàn tó ń bá abiyamọ nìyẹn, àìsàn náà sì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló sábà máa ń dé, ó sì máa ń dé wìì: abiyamọ á máa sọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí, á máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, á máa fura sí gbogbo èèyàn. Ìwọ kọ lẹ́tà tó já gaara sí mi. Ohun tí o kọ jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ abiyamọ láìjẹ́ pé wọ́n ya wèrè. Dókítà ló máa sọ èyí tó jẹ́, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ìyá ọkọ rẹ. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi: orí gbígbóná, èèrà tó ń rìn nínú orí. Má wá Gẹ̀ẹ́sì kankan fún un. Àwọn dókítà ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àìmọye èèyàn, wọ́n mọ ibi tó ń tọ́ka sí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ káàdì. Ẹni tó dá ọ padà yẹn kì í ṣe dókítà, kò sì yẹ kó pinnu ohun tí adójútòfò ń wò àti ohun tí kì í wò. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ máa wá dókítà ọpọlọ kiri, wọ́n á wá máa bi í bóyá ó ń gba káàdì wọn. Bí adójútòfò ìjọba àpapọ̀, NHIA tí a ṣì ń pè ní NHIS, ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ẹ fi orúkọ sí ni ẹnu ọ̀nà. Dókítà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ, kó kọ ìwé referral sí dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Lẹ́yìn náà, HMO yín, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí owó adójútòfò yín ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, á fún wọn ní kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé HMO fọwọ́ sí ìtọ́jú náà. Ìwé àti kóòdù, méjèèjì ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa. Iye kan ni wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ yẹn lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, o wá o, o ò wá o. Ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú tí dókítà ọpọlọ bá ṣe fún ọ lórí referral, ọwọ́ HMO ló ti ń wá. Tí wọ́n bá kọ ìwé yẹn fún ọ, àpò wọn kọ́ ni owó náà ti ń jáde. Nítorí náà, má bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń tọrọ bárà. Sọ fún ẹni tó ń gba káàdì pé: "Mo fẹ́ rí dókítà. Mi ò sùn láti oṣù márùn-ún." Ó tó bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí o sọ ìyókù níwájú àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Inú yàrá dókítà ni kí o ti sọ ọ́ tán.

Kí o tó lọ, pe HMO. Nọ́ńbà wọn sábà máa ń wà lára káàdì. Bi wọ́n bóyá dókítà ọpọlọ wà nínú ètò tiyín, ilé ìwòsàn wo ní Èkìtì ni wọ́n lè darí ọ sí, ìgbà mélòó ni kóòdù kan gbà, àti pé tí wọ́n bá dá ọ dúró, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa san. Kọ orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn sílẹ̀, kọ ọjọ́ àti aago sí i. Ibi méjì ni mo mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ nítòsí rẹ: Ìdó tí mo ti sọ, àti EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Adó. Bó bá jẹ́ ojú àwọn ará Ọ̀yẹ́ lò ń sá fún, ní kí wọ́n kọ Adó fún ọ. Ta ló máa mọ̀ ọ́ níbẹ̀? (Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ka èyí, ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò ìlera ti Èkìtì ni kí ẹ ti bi irú ìbéèrè kan náà.)

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ kóòdù ni pé ó ti jẹ wá níyà rí. Nígbà tí ara àbúrò mi obìnrin ò yá, ìbẹ̀rù ò jẹ́ ká bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lóde Èkìtì, a san gbogbo owó lápò ara wa, a tọ́jú rìsíìtì sínú fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí mo ṣì ní nílé. Nígbà tí a kó o dé iwájú HMO, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: "Kóòdù dà?" Kọ́bọ̀ kan ò padà wá. Ara àbúrò mi yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko la fi san gbèsè náà.

Oògùn ńkọ́? Lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni ìwọ máa san. Bí oògùn bá jẹ́ 8,000 náírà, 800 ni tìrẹ. Bi wọ́n bóyá oògùn tí dókítà kọ wà nínú ìwé oògùn tí wọ́n ń san, torí bí kò bá sí níbẹ̀, dókítà lè rí òmíràn tó wà níbẹ̀ kọ fún ọ. Sọ fún un pé o ń fún ọmọ lọ́mú, kó tó mú bírò rárá. Àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan wà tí abiyamọ lè lò. Wọ́n sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí o tó rí iṣẹ́ wọn, má jù wọ́n nù lọ́jọ́ kẹta.

Bí ẹnikẹ́ni ní ìjọ bá ní kí o gba ààwẹ̀ lórí òkè, ní kí wọ́n bá ọ gbà á. Kí wọ́n máa gbàdúrà, kí ìwọ máa jẹun.

Ní ti ìtìjú, mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ "dókítà ọpọlọ" ń mú wá sọ́kàn wa: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ilẹ̀kùn irin. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1954 ni dókítà ọpọlọ kan, Adéoyè Lámbò, ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú kí wọ́n sì padà. Ìwọ, ó ṣeé ṣe kí o rí dókítà láàárọ̀ kí o sì wà nílé lọ́sàn-án. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2023 sì dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Kò sí dókítà tó máa kọ̀wé sí ọ́fíìsì ọkọ rẹ.

Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ gan-an gbọ́dọ̀ mọ̀. Abẹ́ orúkọ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, òun ni HMO sì lè máa béèrè. Ju ìyẹn lọ, o ò lè máa dá nìkan wo òrùlé lóru. Dúró dìgbà tí àwọn ọmọ bá sùn, má dúró dìgbà tí ẹ bá jà. Sọ fún un pé: "Bàbá ọmọ mi, ara mi ò yá, kì í ṣe àárẹ̀ ọmọ títọ́ lásán. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ rí dókítà." Bí kò bá mọ ohun tó máa wí, fi lẹ́tà tí o kọ sí mi hàn án. Kó ka ibi tí o ti jókòó ti iṣu.

Lọ́jọ́ Ajé, fi káàdì rẹ, káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, omi àti ohun tí o máa fi panu sínú báàgì, torí ìlà máa ń gùn. Bí wọ́n bá tún dá ọ padà, kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ náà gan-an. A ó jọ pe HMO ọ̀hún, màá jókòó tì ọ́ lórí fóònù títí wọ́n á fi sọ nọ́ńbà kóòdù náà tán.