Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Sẹ́mínà Ọjọ́ Kan Ò Kọ́ Mi Ní Nǹkan Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Tíṣà Praimárì 3 ni mí níléèwé ìjọba kan n'Íbàdàn. Táàmù tó kọjá ni wọ́n mú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ní Down syndrome (ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn, tí kì í jẹ́ kó tètè kọ́ nǹkan) wá sí kíláàsì mi, àwọn tó kù sì lé ní àádọ́ta. Wọ́n ní ká wá ṣe sẹ́mínà ọjọ́ kan lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n fún wa ní ráìsì àti sátífíkéètì, ó parí. Ọmọ yẹn kàn ń jókòó lẹ́yìn ni, ó ń fa ìlà sínú ìwé. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Tíṣà Tó Ti Sú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá o, Tíṣà. Ìyẹn kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́, ìpàdé oníráìsì ni. Àwọn tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ nílùú Ọ̀yọ́ ní 1977, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, TP, ìyẹn kí wọ́n lọ fi iṣẹ́ kíkọ́ni dánra wò níléèwé, tún wà níbẹ̀, wọ́n wá ní kí ẹnì kan fi ọjọ́ kan mọ̀ ọ́n?

Òfin wà lẹ́yìn yín o. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara sọ pé gbogbo iléèwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀dìmásítà yín kọ lẹ́tà sí SUBEB, ìyẹn àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àwọn iléèwé ìjọba bíi tiyín, kí wọ́n rán ẹni náà wá, kì í ṣe kó wá gba máìkì ní họ́ọ̀lù, kó jókòó ti yín nínú kíláàsì, kó máa wò yín, kó sì ṣe é lójú yín.

Kó tó dé, ẹ gbé ọmọ yẹn wá síwájú lónìí. Etí tàbí ojú máa ń yọ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ní Down syndrome lẹ́nu, ohun tí wọ́n fojú rí sì máa ń tètè yé wọn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Tẹ́ ẹ bá ní "ẹ mú ìwé ìṣirò jáde, ẹ ṣí ojú ewé ogún, ẹ kọ déètì," iṣẹ́ mẹ́ta lẹ rán an pọ̀ yẹn, ó ṣì ń wá ìwé nínú báàgì táwọn tó kù ti ń kọ déètì. Ẹ sọ ẹyọ kan, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ ka ení dé ẹ̀wá sínú. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ yẹn padà o, torí tẹ́ ẹ bá ti yí i, ńṣe lá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó látìbẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ẹ̀ ńkọ́? Ká ní Kẹ́mi ni, ẹ kọ K, Ẹ, M, kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ I. Tó bá ti mọ ìyẹn, ẹ kọ K àti Ẹ, kó parí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa dín tiyín kù. Òun ló ń parí iṣẹ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, inú ẹ̀ á sì máa dùn sí i. Táwọn yòókù bá ń yọ 126 kúrò nínú 340, kí òun yọ ìdérí kóòkì méjì kúrò nínú márùn-ún, ìyọkúrò náà ni gbogbo yín ń ṣe. Ẹ sì bi ìyá ẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ tó fi mọ aṣọ wọ̀, ọgbọ́n pọ̀ lọ́wọ́ obìnrin yẹn.

Ti ìdánwò, ẹ má fi wé ẹnikẹ́ni. Ẹ ra ìwé olójú ewé ogójì kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tó lè dá ṣe lọ́sẹ̀ yìí síbẹ̀, pẹ̀lú déètì, tí táàmù bá parí kẹ́ ẹ tún kọ òmíì sábẹ́ ẹ̀. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ gbé fún ẹni tí SUBEB bá rán wá.