Èsì: Mo há sínú King's Quest V, géèmù kọ̀ǹpútà yẹn, kí ló tiẹ̀ dùn nínú ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tí wọ́n bá ti dè yín mọ́ àjà ilẹ̀ ilé ìtura yẹn, ó ti bọ́ nìyẹn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ológbò kan ti lé eku kọjá níwájú yín. Ẹ ò ju bàtà ògbólógbòó lu ológbò náà. Eku yẹn ni ì bá wá bá yín gé okùn jẹ. Ìkà gbáà ni àwọn tó ṣe géèmù yẹn, 1990 ló jáde! Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti tọ́jú (save) géèmù náà tẹ́lẹ̀. Monkey Island, géèmù mìíràn tọdún kan náà, kì í ṣe báyẹn sí èèyàn.

Adùn ẹ̀? Tí wọ́n bá mú iná lọ ní Mọ́kọ́lá níbí, tí mo ń fọ abọ́, ìdáhùn ibi tí mo há sí nínú géèmù á ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ṣáà máa fi orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tọ́jú ibi tí ẹ bá dé.