Omi tán, híta ò gbóná, a sì wà láàárín aginjù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Dallas ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta. A ra tírélà RV àlòkù kan, ìyẹn ilé tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà, lọ́dún tó kọjá. Níbi tí a bá ti rí iná àti omi so ó mọ́, kì í yọ wá lẹ́nu, omi ẹ̀ sì máa ń gbóná dáadáa. Lóṣù tó kọjá la gbé e lọ sí Cottonwood, ibi ìpàgọ́ kan nínú ọgbà ìjọba Big Bend ní Texas, níbi tí kò sí nǹkan kan téèyàn lè so ọkọ̀ mọ́. Táǹkì wa gba gálọ́ọ̀nù 40, ó kún dẹ́nu nígbà tá a kúrò nílé, àmọ́ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti gbẹ. Omi gbígbóná ò tiẹ̀ jáde rárá. Ló bá tún di pé omi ẹlẹ́gbin ń rú wá láti ilẹ̀ balùwẹ̀, tí hóró ìrẹsì ń léfòó lórí ẹ̀. A tún fẹ́ lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni lọ́tẹ̀ yìí. Kí la ṣe tí kò dáa?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrìn àjò, mà. Ẹ jẹ́ kí n ti orí omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀, torí mo fura pé kò sí nǹkan kan tó ṣe híta yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná.

Ọ̀pọ̀ híta inú RV ló ní súìṣì méjì, ọ̀kan fún iná mànàmáná, ọ̀kan fún gáàsì. Ti iná lẹ máa ń tẹ̀ níbi tí iná bá wà, òun náà lẹ sì tẹ̀ ní Cottonwood. Irin tó ń gbé omi gbóná nínú ẹ̀ sábà máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,440, bátìrì ò sì lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bátìrì fóòtì 12 tí wọ́n kọ 100Ah sí lára, wáàtì 1,200 fún wákàtí kan péré ló wà níkùn ẹ̀. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ ní inverter ńlá, bátìrì á ti kú kí wákàtí kan tó pé. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Wọn ò gbà á láyè ní Cottonwood.

Ti gáàsì ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ tà-tà-tà bíi ti ẹni tó ń ṣáná, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ wúù, iná ti ràn nìyẹn. Híta gálọ́ọ̀nù 6 á gbóná láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30. Tí gbogbo yín bá ti wẹ̀ tán, ẹ pa á. Wọ́n ti fi nǹkan wé e lára, omi tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ́ ẹ fi máa fọ abọ́ oúnjẹ alẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń tàn án fún bíi wákàtí kan lójúmọ́, sílíńdà gáàsì oníwọ̀n pọ́n-ùn 20 lè gbé híta nìkan fún nǹkan bí oṣù kan. Torí náà, ẹ má ṣahun gáàsì.

Nǹkan kan wà o. Ẹ ò gbọdọ̀ tan híta, ì báà ṣe ti iná tàbí ti gáàsì, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná tómi sì ń dà geere, tí kò máa tú afẹ́fẹ́ pùtù-pùtù. Ọ̀kan lára àwọn tí mò ń bá tún RV ṣe tan ti iná nígbà tí táǹkì ṣófo. Inú ọ̀rá ló gbé irin náà sí wá fún mi, ó dúdú kirimú, ó sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi bọ̀ọ̀lì tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

Ó wá ku gálọ́ọ̀nù 40 tó pòórá. Ṣáwà tó ń tú gálọ́ọ̀nù méjì jáde ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá dúró sábẹ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lo 16. Ẹni méjì, 32. Ẹni kẹta lè má rí i fi ṣan ọṣẹ ojú. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún èèyàn ni pé kó rẹ ara, kó pa omi, kó fọṣẹ, kó tó wá ṣan ara. Kò burú, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta lè tó ẹni kan bẹ́ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé omi tútù tó wà nínú páìpù ló máa kọ́kọ́ jáde, ó lè tó ìdajì gálọ́ọ̀nù, gbogbo èèyàn ló sì máa ń jẹ́ kó dà nù kí gbígbóná tó dé.

Garawa lèmi máa ń ní kí àwọn èèyàn wa rà. Garawa kan àti ike kan, bí wọ́n ṣe fi wẹ̀ wá nígbà tá a wà ní kékeré. Ẹ gbé e sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ ṣí ti gbígbóná nìkan. Omi tútù inú páìpù á kọ́kọ́ já sínú ẹ̀, gbígbóná á wá tẹ̀lé e, ẹ ó máa tọwọ́ bọ̀ ọ́ wò títí á fi lọ́ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Ẹ̀kán kan ò ṣòfò. Gálọ́ọ̀nù méjì tó àgbà, kan ààbọ̀ tó ọmọdé. Kẹ́ ẹ sì máa wẹ̀ tẹ̀lé ara yín ni, kí páìpù má tíì tutù kí ẹlòmíì tó bọ́ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbí lè kọ́kọ́ ráhùn. Tèmi ráhùn.

Gbogbo ẹ̀ jẹ́ gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ lójúmọ́ fún ẹ̀yin márààrún. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn ti di 34, ẹ ò sì tíì fọ abọ́, ẹ ò tíì ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ fi tówẹ̀lì tútù nu wọ́n lára lọ́la. Omi mímu àti ti ìdáná, inú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀ ni kó wà. Ẹ̀rọ omi tó ṣeé mu wà ní Cottonwood, ẹ lè fi kẹ́ẹ̀gì pọn ọ́n kẹ́ ẹ sì fi àrọ dà á sínú táǹkì. Kí lẹ tiẹ̀ ń gbé omi kíkún láti Dallas fún? Gálọ́ọ̀nù 40 wúwo tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 334. Ìlú tẹ́ ẹ máa kàn gbẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó wọ ọgbà ni kẹ́ ẹ ti rọ ọ́ kún.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé omi mímọ́ gan-an kọ́ ni ìṣòro yín níbẹ̀. A lè pọn ín. Omi ẹlẹ́gbin ni kò níbi tó ń lọ, torí Cottonwood ò ní ibi tí wọ́n ti ń da táǹkì ìdọ̀tí. Omi ìwẹ̀ àti omi abọ́ ń wọ inú táǹkì kan náà, ìyẹn sì máa ń kéré ju táǹkì omi mímọ́ lọ nígbà míì. Tó bá kún, ihò tó lọ sílẹ̀ jù ló máa gbà jáde, ihò balùwẹ̀ sì nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìrẹsì yín gbà yọjú. Rio Grande Village, ní òdìkejì ọgbà náà, ní ibi ìdàdọ̀tí. Ẹ lè kọ́kọ́ yà síbẹ̀, kó jẹ́ pé táǹkì òfìfo lẹ máa gbé dé Cottonwood. Wọ́n tún ń ta táǹkì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà tẹ́ ẹ lè fa omi náà sí, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ dà. Ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o, òfin ọgbà náà kà á léèwọ̀.

Bébà ni kẹ́ ẹ fi nu abọ́ kó tó kan omi rárá, pàápàá tó bá jẹ́ ẹ̀gúsí. Epo pupa tó bá dì mọ́ inú táǹkì yẹn, àwa tá à ń tún un ṣe la mọ bó ṣe ń rùn.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ yọ okùn iná tírélà náà lálẹ́ ọjọ́ kan níwájú ilé yín, kẹ́ ẹ sì tan híta pẹ̀lú gáàsì. Àlòkù ni, ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti tan ẹ̀gbẹ́ gáàsì yẹn. Tó bá ń ṣe tà-tà-tà tí iná ò ràn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí mo bá ṣí mẹ́wàá irú ẹ̀, aláǹtakùn ló máa ń wà nínú ọ̀pá gáàsì èyí tó pọ̀ jù.