"Dude": ọ̀rọ̀ kan, ohùn púpọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo máa ń gbọ́ "dude" ṣáá nínú fíìmù Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ń pe ọkùnrin, wọ́n fi ń pe obìnrin, ẹni tí fóònù rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tó fọ́ náà á tún pariwo rẹ̀. Kí ló túmọ̀ sí gan-an? Ṣé mo lè fi kọ̀wé sí ọ̀gá mi tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi kọ̀wé sí ọ̀gá yín rárá.

New York ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbòde lọ́dún 1883. Èébú ni nígbà náà, fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣoge ní àṣejù. Nígbà tó dé ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ó di orúkọ ará ìlú ńlá tí kò mọ ẹṣin í gùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe oko ẹran tí àlejò ti ń sanwó gbafẹ́ ní "dude ranch" títí dòní. Nígbà tó yá, èébú inú rẹ̀ gbẹ, ó ku "ọkùnrin" lásán.

Ohùn ni kẹ́ ẹ máa fetí sí. Ní tiwa, ohùn ló ń ya ọkọ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ àti ọkọ́. Ní ti "dude", ọ̀rọ̀ kì í yí, inú ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń yí. Tó bá kúrú, tí ohùn wálẹ̀, ìkìlọ̀ ni: ó tó bẹ́ẹ̀! Tí wọ́n bá fà á gùn, "duuude", ẹnu ló yà wọ́n, tàbí kí wọ́n máa báni kẹ́dùn. Ti ẹni tí fóònù rẹ̀ bọ́, igbe lásán ni, bíi "yéè!" Ẹ tún wo ibi tó jókòó sí. "Dude, you're late" ń báni wí. "You're late, dude" ti fi omi tútù sí i.

Obìnrin ńkọ́? Wọ́n lè fi pè é lójúkojú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ "two dudes", ọkùnrin méjì ló máa rò. Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í lò jù.

Scott Kiesling, onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Pittsburgh, tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2004. Ó rí i pé láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ti wọ́pọ̀ jù, ó sì ń fi hàn pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n sún mọ́ra, àmọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá yín kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Bí òun fúnra rẹ̀ bá tilẹ̀ kọ́kọ́ pè yín bẹ́ẹ̀, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi dá a padà. Nínú lẹ́tà, kò sí ohùn tó máa sọ fún un bóyá eré lẹ̀ ń ṣe tàbí ẹ̀ ń bínú.